Ìwé Tí Káfíńtà Fi Aṣọ Funfun Dì

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Jàpáánì, iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe. Ọ̀gá rẹ̀ ti darúgbó, ó sì ti sọ ọ́ láì fi igbá kan bọ ọ̀kan nínú: bí ó bá yege nínú ìdánwò àwọn akọ́lé lọ́dún yìí, òun yóò fa ilé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Bí kò bá yege, òun yóò ti ilé iṣẹ́ náà pa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkùnrin yìí ti fìdí rẹmi.

Ojúbọ kan wà nílùú náà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lọ, ti ọ̀mọ̀wé ayé àtijọ́ kan tí wọ́n sọ di òrìṣà ìmọ̀. Wọ́n ń ta àpò oògùn pẹlẹbẹ níbẹ̀, èèwọ̀ sì ni títú u, kí ìre inú rẹ̀ má baà fò lọ. Nígbà tó kọ́kọ́ fẹ́ ṣe ìdánwò, káfíńtà ra ìwé tí wọ́n fi ń kẹ́kọ̀ọ́ fún un, ó gbé e lọ síbẹ̀, àlùfáà súre sí i. Ló bá fi aṣọ funfun di ìwé, ó gbé e sórí pẹpẹ, ó ń forí balẹ̀ fún un láràárọ̀. Àgbà ọkùnrin! Kò tú u fún ọdún méjì. Ohun tó gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló fi ń ṣe ìdánwò.

Lọ́dún kẹta, ó tún gbé e lọ gba ìre. Ìyá arúgbó tó ń gbá àgbàlá ló bá níbẹ̀.

“Ìyá, ó ti sú mi. Bí òrìṣà yìí kò bá lè gbè mí, kó ṣe mí bó ṣe bá mi.”

Ìyá gba ẹrù náà, ó tú aṣọ rẹ̀. Ìwé ń dán gbinrin, kò sí ewé kan tí etí rẹ̀ ká.

“Ọmọ mi, àpò oògùn ni a kì í tú. Ta ló ní kí o má ṣí ìwé? Ẹni tí à ń bọ níhìn-ín, ó kàwé títí ojú fi ń ta á.”

Ojú ti káfíńtà gan-an. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ojúbọ, ó ṣí ewé kìíní níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ìwé kò sinmi mọ́. Ó ń kà á nídìí oúnjẹ, ó ń kà á nídìí iṣẹ́, èérún pákó wọnú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ já.

Ọjọ́ tí wọ́n lẹ èsì mọ́ ògiri, ó rí nọ́ńbà ìdánwò rẹ̀ láàárín ti àwọn tó yege. Háà! Igbe tó ké, gbogbo àdúgbò gbọ́. Ó gbé ọ̀gá rẹ̀ arúgbó sókè ní gbangba, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún. Ọ̀gá kò dúró dalẹ́ kó tó fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi, wọ́n ti gbàdúrà fún ọ tó. Ìre wà lórí rẹ, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí o gbé pamọ́, tí ò ń júbà fún láti ọjọ́ yìí wá, ọwọ́ rẹ ló ń retí.