Òkè Tí Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ Fẹ́ Gùn

Ẹ̀yin ọmọ, bí alùpùpù àti mọ́tò eré ìje bá pàdé lójú ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ, èwo ni yóò ṣíwájú?

Ààlọ́ o! (Ààlọ̀!) Àlọ́ mi yà síhìn-ín, ó yà sọ́hùn-ún, ó bá Ọ̀kẹ́rẹ́ lórí alùpùpù.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ṣèlérí fún ìyá rẹ̀ pé òun yóò gbé e dé ihò igi tí wọ́n bí ìyá náà sí lórí òkè, kí ojú ìyá tó fọ́ tán.

Lọ́jọ́ kìíní, Àgbọ̀nrín fi mọ́tò pẹlẹbẹ rẹ̀ fọn fèrè lẹ́yìn wọn. "Ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ṣé o lè sá?"

Ara Ọ̀kẹ́rẹ́ ò gbà á. "Ìyá mi, ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ jókòó sórí òkúta yìí."

Ní gbogbo kọ́nà, mọ́tò a rọra yà; alùpùpù a fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, a kọjá fìrì. Ọ̀kẹ́rẹ́ borí, ṣùgbọ́n oòrùn ti wọ̀ kó tó padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Wọ́n gbalé lọ. Bákan náà ló rí lọ́jọ́ kejì.

Lọ́jọ́ kẹta, fèrè tún dún. "Ojo! Mo ti pààrọ̀ táyà o!"

Ìyá ti ń ká ìró ìdí rẹ̀ sókè láti sọ̀kalẹ̀. "Òkúta mi dà?"

"Ẹ má sọ̀kalẹ̀ mọ́, Ìyá mi. Ẹ jókòó sẹ́yìn mi."

Ọ̀kẹ́rẹ́ yà fún Àgbọ̀nrín, eruku bò wọ́n, ó ń kọrin. Ẹ gbè é:

Alùpùpù, rọra gùn — Tẹ̀rẹ́!
Ìyá mi ń bẹ lẹ́yìn — Tẹ̀rẹ́!

Lórí òkè, Àgbọ̀nrín ń pariwo pé òun ti borí. Ọ̀kẹ́rẹ́ ò gbọ́. Ó ń wo ìyá rẹ̀ tó ń fọwọ́ wá ẹnu ihò igi náà, títí ọwọ́ fi bà á. Ìlérí ọjọ́ pípẹ́ ti ṣẹ.