Ibi Tí Ẹja Ń Yé Sí

Ọkùnrin kan wà létí ọ̀sà tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ṣẹ́, àwọn apẹja sì fẹ́ràn rẹ̀. Bó bá ti fa ọ́ìlì dúdú jáde lára ẹ́ńjìnnì, ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ló máa ń dà á sí, níbi tí gbòǹgbò igi ti wọnú omi.

Ìyá Orímisàn, aládùúgbò rẹ̀ tó ń yan ẹja tà, bá a sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ibẹ̀ ni ẹja ń wá yé sí. Mo rí ẹyin wọn lára gbòǹgbò. Wọ́n ti funfun, wọn ò lè di ọmọ mọ́.”

Ọkùnrin náà nawọ́ sí omi. “Ìyá Orímisàn, ẹ wo ẹja bí wọ́n ṣe ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Èwo ló kú níbẹ̀?”

Lóòótọ́, kò sí èyí tó kú. Obìnrin náà padà sídìí ẹja tó ń yan. Àwọn apẹja ń kó ẹja ńlá, ọkùnrin náà ń da ọ́ìlì rẹ̀ nù, ṣùgbọ́n ẹja kéékèèké kò dìde rọ́pò àwọn tí wọ́n ń kó. Nígbà tó yá, òfìfo ni àwọ̀n ń jáde. Ìdílé kan di ẹrù sínú ọkọ̀, wọ́n gba èbúté mìíràn lọ. Òmíràn tẹ̀ lé wọn. Ìyá Orímisàn náà lọ, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Nígbẹ̀yìn, ìyàwó ọkùnrin náà ní òun ń lọ sọ́dọ̀ àbúrò òun, pé òun kò lè máa gbé ibi tí òun kò ti rí ẹni kí.

Ó ku òun nìkan. Láàárọ̀ á to irinṣẹ́ síta, nírọ̀lẹ́ á kó wọn wọlé. Bí ọkọ̀ bá ń kọjá lókèèrè, á dìde, á juwọ́, ọkọ̀ náà á sì máa lọ. Lọ́jọ́ kan ó kúnlẹ̀ létí omi, ó fọwọ́ gbá ọ́ìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò rí ohunkóhun tó mira lábẹ́ rẹ̀.

Alàgbà, ẹ̀yin ni mo pa ìtàn yìí fún, nítorí ẹ ti sọ fún mi pé èébú tí ẹ ń bú ìyàwó yín lójú àwọn ọmọ kò pa ẹnikẹ́ni, pé wọ́n ń jẹun, wọ́n sì ń lọ síléèwé. Mo gbà. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nínú wọn tí kò tíì dàgbà, òun ni wọn ì bá fi fẹ́ràn yín lọ́jọ́ alẹ́. Òun ni ẹ ń bà jẹ́. Ẹ lọ bẹ ìyàwó yín lójú wọn lónìí, nígbà tí wọ́n ṣì ń sáré wá pàdé yín lẹ́nu ọ̀nà.