Àlàó Kò Jí Àgbò

Ẹ̀yin ọmọ ọdẹ, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin baba tí ẹ pé síwájú ilé mi lọ́sàn-án òní, mo kí yín kú ìkàlẹ̀, mo sì kí yín kú ojú òjò tó ń ṣú bọ̀ yìí. Èmi ni Ọdẹ́níran ọmọ Ọdẹ́bíyìí, ará Ìdó-Àpáta, ẹni tó ti ń gbé ìbọn kí ọ̀pọ̀ yín tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ẹ ti gbọ́ ìtàn tí mo fi ara mi ṣe akọni, ẹ sì ti pàtẹ́wọ́ fún mi. Tòní kì í ṣe irú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àtẹ́wọ́ sílẹ̀, kí ẹ kàn gbọ́ mi.

Àlàó ni ọ̀rẹ́ mi kòríkòsùn. Bí ẹ bá rí mi lọ́nà oko, ẹ wo ẹ̀yìn mi, òun náà ń bọ̀. Ó ga bí ọ̀pẹ, kì í sì í parọ́. Àbùkù kan ṣoṣo tó ní náà nìyẹn, torí ẹni tí kì í parọ́ a máa gba irọ́ ẹlòmíràn gbọ́.

Lọ́dún náà ìyàwó mi bímọ, ìkómọ ku ọjọ́ mẹ́ta, n kò pa eku, n kò pa ẹyẹ. Ìtìjú mú mi, mo lọ jí àgbò Ìyá Àríkẹ́, opó àdúgbò wa. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, èmi ni mo jí i. Inú igbó ni mo ti pa á, mo yan án, mo sì pè é ní ẹran ìgbẹ́ lójú àlejò. Nígbà tí ìyá wá a títí tí kò rí i, ó dúró ní ìta gbangba, ó ní ẹni tó mú àgbò òun, kí àrá fi í hàn. Gbogbo wa dáhùn pé àṣẹ. Àṣẹ tèmi ló ròkè jù.

Láti ọjọ́ náà, bí òjò bá ti ṣú, mo máa ń sá wọ yàrá. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, Àlàó ní kí a lọ dẹ Igbó Afárá-Iná, kí ọkàn mi lè fúyẹ́. A kọjá odò kan tó ń ṣàn gòkè, a kí i, ó dá wa lóhùn. A bá àwọn ọ̀bọ níbi ìpàdé, wọ́n sì yà fún wa bí ọmọlúàbí. Lọ́jọ́ kẹta, a bá ẹfọ̀n arúgbó kan tó dùbúlẹ̀ sẹ́sẹ̀ àpáta, àpá iná gba ẹ̀yìn rẹ̀ láti ọrùn dé ìrù. Àlàó gbé ìbọn. Ẹfọ̀n ní kí ó fara balẹ̀, pé òun kò ní sá, òun kò sì ní kan ẹnikẹ́ni. Ó ní òjò ń bọ̀, kí a gbé irin wa jù sọ́nà jíjìn, kí a má dúró lábẹ́ igi, kí a má gun àpáta, kí a lóṣòó sínú kòtò bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀.

Mo bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí ìdí rẹ̀ kò mọ́. Mo ní kí ni olódodo ń bá àrá ṣe, ṣebí olè ló ń pa.

Ẹfọ̀n wò mí títí. Ó ní, “Ọdẹ, ọmú ni ìyá mi ń fún mi lọ́jọ́ tí àrá pa á. Kí ni ìyá mi jí?”

Mànàmáná sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú ọ̀run, irun orí wa dìde, irin ìbọn ń kùn bí oyin. Mo mọ̀ lọ́kàn mi pé èmi ni àrá ń wá. Ìbọn baba mi ló wà lọ́wọ́ mi, n kò lè jù ú sínú ẹrẹ̀. Mo gbé e fún Àlàó, mo ní kí ó bá mi dì í mú, pé inú ń run mí, mo sì sá wọ kòtò. Ó gbà á, ó fi kún tirẹ̀.

Ó ní, “Máa lọ, mò ń dúró dè ọ́.”

Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn láyé nìyẹn. Àrá sán, ojú mi sì funfun báláú. Nígbà tí mo tún ríran, Àlàó ti wà nílẹ̀, bàtà rẹ̀ ń rú èéfín, ìbọn méjèèjì ti yọ́ lẹ̀ mọ́ra. Wọ́n ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, tèmi kò tọ̀ mí. Ọ̀rẹ́ mi ló tọ̀ lọ. Ẹfọ̀n dìde, ó wá fi ara bo òkú náà kí òjò má baà pa á.

Mo sáré wálé, mo kígbe pé àrá ti pa Àlàó. Kí n tó tún la ẹnu, ìlú ti la tirẹ̀: wọ́n ní olè àgbò ti hàn. Wọ́n ní a kì í sunkún òkú àrá, wọ́n sì sin ín síbi tó ṣubú sí. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ pọn ọmọ sẹ́yìn, ó wá bá mi lẹ́yìnkùlé, ojú rẹ̀ gbẹ táútáú.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ jọ lọ. Ṣé ọkọ mi jalè ni?”

Mo wolẹ̀. Mo ní n kò mọ̀.

Nígbà tí àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọmọ náà ní ọmọ olè, Àwẹ̀ró di ẹrù rẹ̀, ó sì fi ìlú sílẹ̀. Ó ti lé ní ogójì ọdún. Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbé e. Ọmọ tí mo torí rẹ̀ jalè ti di baba ọmọ, n kò sì lè wo ojú rẹ̀ kí n má rántí àgbò.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Àrá kì í ṣe adájọ́. Ohun tó ga àti irin ló ń wá. Ẹnu ìlú ló dájọ́ fún Àlàó, ẹnu tèmi tó dákẹ́ ló sì burú jù.

Obìnrin tó jókòó lẹ́bàá àmù lẹ́yìn yín lọ́hùn-ún, tó ti ń wolẹ̀ látìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀, ọmọ tí Àwẹ̀ró pọ̀n lọ nìyẹn. Ọdún mẹ́ta ni mo fi wá a. Nígbà tí mo jẹ́wọ́ fún un láàárọ̀ yìí, kò bú mi. Ó kàn bi mí bóyá òun lè sunkún bàbá òun wàyí. Mo ní kó jẹ́ kí ìlú gbọ́ ná.

Ẹ ti gbọ́. Òjò ti ń kán, ó dàbọ̀ o, ẹ má sá sábẹ́ igi. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dìde, ẹ kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ẹ kí i kú ará fẹ́ra kù bàbá rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò tíì kí i rí.