Ẹ̀yìn Bàbá Láníyọnu
Gbádégẹṣin, ọ̀gá ẹgbẹ́ họ́kì kan l'Ábẹ́òkúta, pàṣẹ pé arúgbó inú ẹgbẹ́ náà tí kò bá lè bá àwọn ọ̀dọ́ sáré yí pápá ká, kó lọ sinmi nílé. Bàbá Láníyọnu nìkan ló ń bá wí, nítorí àwọn ojúgbà rẹ̀ ti kú tán. “Mo gbà,” ni bàbá wí, “ṣùgbọ́n họ́kì là ń gbá, igi la sì fi ń gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ nílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sáré, kí orí igi wa má kúrò nílẹ̀.” Kò pẹ́ táwọn ọ̀dọ́ fi ń nàró, tí wọ́n ń di ìbàdí mú, ṣùgbọ́n bàbá ṣì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rọra ń lọ títí ó fi yí pápá ká. Gbádégẹṣin fọwọ́ ara rẹ̀ mú ẹ̀wù ẹgbẹ́ fún un, ó ní, “Bàbá, kí lẹ ń lò sí ẹ̀yìn yín?” “Ilẹ̀ ni mò ń gbá láràárọ̀, ọmọ mi. Látìgbà tí ìyàwó mi ti kú, ta ló kù tí yóò bá mi gbá a?”