Ẹni Iwájú Òkè-Ìṣà

Nígbà láéláé, ní ìlú Ìrágbẹ̀, bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti mú, àwọn ọdẹ a máa tiná bọ igbó láti lé ẹfọ̀n jáde. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan a yan ọ̀dọ́kùnrin kan ṣe ẹni iwájú, òun ni yóò kọ́kọ́ sọ ọ̀kọ̀ lu ẹran náà. Àdúgbò tí ojú rẹ̀ bá rí màbo lọ́dún tó kọjá ló ń kọ́kọ́ mú ẹni tó wù ú nínú gbogbo ọ̀dọ́ ìlú. Ṣùgbọ́n àgbà tó bá yàn án gbọ́dọ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀ lọ́wọ́ òfo lọ́jọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ojúsàájú yan ènìyàn.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, Òkè-Ìṣà ló kọ́kọ́ mú, nítorí ẹfọ̀n ti pa ẹni iwájú wọn léṣìí. Wọ́n gbé ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ nàró lójú agbo, kí àwọn ọ̀dọ́ máa sọ ọ̀kọ̀ lù ú. Àwọn onímọ̀ràn tí wọn kò pa òkété rí jókòó, wọ́n ń wo apá, wọ́n ń wo ojúgun. Nígbà tí ó kan Akínbámi, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà, ó sọ ọ̀kọ̀ kan, ó wọlé ṣinṣin. Ó sọ òmíràn, ojú ibẹ̀ náà ló bá.

“Irú èyí kò wáyé rí!” ni wọ́n ń pariwo. Kí wọ́n tó délé, wọ́n ti fẹnu pa agbo ẹfọ̀n kan tán fún un. Ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò níwo, kò sì lè sáré, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn? Ọdẹ́lékè, Olúọdẹ Òkè-Ìṣà, yàn án lójú ẹsẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ti kọ ọ̀nà ọ̀fun Akínbámi. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé òkú ẹni iwájú èṣí wọlé, tí wọ́n fi ewé kókò bo ikùn rẹ̀.

“Ìyá mi, inú ń run mí,” ló wí.

“Ayọ̀ ni, ọkọ mi. Ta ni gbogbo ìlú yóò máa yìn tí inú rẹ̀ kò ní dà rú?”

Ó gbéra, ó lọ bá Olúọdẹ, ó fẹ́ jẹ́wọ́. Bàbá náà gbá a lápá mú, ó ń fi han àwọn àlejò rẹ̀. “Ẹ wo ọwọ́ tí yóò dá mi padà sílé láàyè! Kí lo fẹ́ sọ, ọmọ mi?”

Ojú ti Akínbámi. “Kò sí, Baba. Mo kàn ní kí n wá kí yín ni.”

Ọjọ́ pé. Iná ń jó, èéfín bo ojú ọ̀run, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Akínbámi ń gbọ́ èémí arúgbó náà lẹ́yìn ara rẹ̀.

“Ó ń bọ̀, ọmọ mi,” ni Ọdẹ́lékè wí jẹ́jẹ́. “Sọ ọ́.”

Ẹfọ̀n já jáde. Inú Akínbámi lọ́ bí aṣọ tí a ń fún, ọ̀kọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì sá. Kí àwọn ọdẹ yòókù tó fi ọ̀kọ̀ dá ẹran náà dúró, ó ti kan Olúọdẹ níhà.

Wọ́n tẹ́ ẹ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Akínbámi dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń sunkún. “Baba, ẹ̀rù ti ń bà mí tipẹ́. Ìyẹn ni mo wá sọ lọ́jọ́sí, n kò lè là á lẹ́nu.”

Arúgbó náà wò ó títí. “Apá rẹ ni mo wò, ọmọ mi. N kò bi ọ́ léèrè inú.” Ó yíjú sí àgbàlá, níbi tí àwọn alángbá nà sílẹ̀, tí wọ́n ń yáàrùn. Ó nawọ́ sí wọn, ó sọ ọ̀rọ̀ kan, ó sì dákẹ́.

Wọ́n sin ín lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò bá a wọlẹ̀, àwọn àgbà ṣì ń fi kìlọ̀ fún ẹni tó bá ń yára yin ènìyàn pé: gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.