Ọ̀rọ̀ Àná Nínú Igbó Elédè Sípéènì

Ẹ sún mọ́ iná dáadáa, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń dá gbọ́ lókùnkùn. Ọdẹ́rìndé ni ọdẹ tí mò ń wí, ọmọ Àbà-Ìrókò. Bàbá rẹ̀ pa ẹfọ̀n, bàbá bàbá rẹ̀ pa erin. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí Ìbídùn àbúrò rẹ̀ lọ ṣẹ́gi tí kò padà, tí wọ́n bá ìdì igi rẹ̀ lẹ́nu Igbó Elédè Sípéènì, àyà ọdẹ já bí okùn kànga tó gbó. Ẹ̀mí àwọn èèyàn wa tí wọ́n tà sókè òkun láyé ìjelòó, tí wọ́n kú sí Kúbà, ló ń gbé igbó náà. Wọ́n padà wálé lóòótọ́, ṣùgbọ́n èdè Sípéènì ló kù lẹ́nu wọn. Síbẹ̀, ọmọ ìyá ẹni kì í sọnù ká jókòó ti ọbẹ̀.

Ọdẹ́rìndé wọ igbó lọ. Lẹ́nu ibodè ló ti pàdé Olójú-Orúnkún, iwin tí ojú rẹ̀ wà ní orúnkún, tí irùngbọ̀n rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀ bí ìtàkùn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ìbídùn dúró, èèpo igi ti bò ó dé ìbàdí.

Ọdẹ dọ̀bálẹ̀. "Mo kí yín o, bàbá. Àbúrò mi ni mo wá gbà."

Iwin náà ń sọ Yorùbá bí ẹni tó ń jẹ ẹja eléegun. "Ọdẹ, ẹnu la fi ń gba èèyàn níbí, kì í ṣe ìbọn. Sọ ohun tí o ṣe lánàá ní èdè wa. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ tó bá ti di àná a máa pààrọ̀ ìrù. Hablar, ìyẹn 'sọ̀rọ̀', di hablé, comer, 'jẹ', di comí. Àwọn yẹn gbọ́ràn. Àmọ́ àwọn olóríkunkun wà: hacer, ìyẹn 'ṣe', di hice, tener, 'ní', di tuve, venir, 'wá', di vine. Ṣì í, kí o di igi. Ó yá, hacer ńkọ́?"

Ẹ̀rù ti gba iyè ọdẹ. Ó fi ti comer mú un: "Hací!"

Kíá, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ta gbòǹgbò wọlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má dúró mọ́!" Ìbídùn figbe ta. "Ẹ fi mí sílẹ̀!"

Iwin rẹ́rìn-ín. "Ọdẹ tó ń lé ẹfọ̀n, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló ń mú un làágùn!"

Èèpo gun ọdẹ dé orúnkún. Ṣùgbọ́n bí a ti ń sunkún, a máa ń ríran. Ó rántí àwọn ọmọ àmútọ̀runwá: a kì í wá orúkọ fún wọn, bí wọ́n ti wáyé ni wọ́n ń jẹ́. Ó bá gbé ìjálá sókè: "Hice, ìwọ ni Àjàyí tó dojú délẹ̀ wáyé! Tuve, ìwọ ni Dàda olówó ẹyọ! Vine, ìwọ ni Ìgè Àdùbí, ẹsẹ̀ lo fi wáyé!"

Omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà ní orúnkún iwin.

"Ta ló ní kí o pe Ìgè?" Ohùn rẹ̀ ti di tọmọdé. "Ìyá mi ló ń pè mí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tó gbé mi sọ́kọ̀."

"Ìgè Àdùbí," ni ọdẹ wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Tún un pè."

Bó ti ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni èèpo ń bọ́ lára àwọn méjèèjì.

Wọ́n délé kí oòrùn tó wọ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹ bá ń kọ́ èdè elédè, ẹ má fi pàṣán òfin lé gbogbo ọ̀rọ̀. Èyí tó mú ìṣe rẹ̀ tọ̀run wá, ẹ kí i bó ti wá. Bí ẹ bá sì ń kọjá lẹ́nu igbó náà, ẹ̀rù á bà yín, ó sì yẹ kó bà yín. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sá, ẹ pe orúkọ díẹ̀ sílẹ̀.