Orin Inú Ọ̀fun Àgbọ̀nrín

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ o.
Àlọ̀!

Ìṣọ́-ẹ̀mí ni kí a máa ṣọ́ ẹni tí èémí rẹ̀ fẹ́ já. Àwárí-àrùn ni kí a mọ ohun tó ń pa á kí ó tó pa á tán. Orí ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni àlọ́ mi dá lé.

Àgbọ̀nrín ń kú lọ, ohun kan sì ń kọrin nínú ọ̀fun rẹ̀. Ẹ gbè é:

Mo mu ún, kò tíì tán.
Kínrin-kin.

Ajá wọlé, ó gbóòórùn ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, “Ọgbẹ́ inú ni.”

Mo mu ún, ó kù díẹ̀.
Kínrin-kin.

Àdán wọlé, ó gbọ́ tí èémí ń súfèé. Ó ní, “Àyà ni. Ajá, egungun ni kí o lọ máa gbóòórùn rẹ̀.”

Òwìwí wọlé, ó rí i pé ọ̀fun aláìsàn ń mì bí omi bá ti sún mọ́ ọn. Ó ní, “Òùngbẹ ni.”

Mo mu ún, ó ń tán lọ.
Kínrin-kin.

Ìyàwó Àgbọ̀nrín ní, “Ẹ̀yin àgbà, orúkọ àrùn mẹ́ta ni mo gbọ́, ọkọ kan ṣoṣo ni mo ní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá ara yín sọ̀rọ̀.”

Wọ́n jókòó yí ẹní aláìsàn ká. Wọ́n pa orúkọ àrùn tì, wọ́n sì kó ohun tí wọ́n rí pọ̀: ẹ̀jẹ̀, súfèé, omi.

Àdán rọra ní, “Eṣúṣú ni, kòkòrò inú omi tí í mu ẹ̀jẹ̀. Ó ti lẹ̀ mọ́ ọ̀nà èémí rẹ̀.”

Òwìwí gbé omi sí aláìsàn lẹ́nu. Orí dúdú kan yọ jáde láti mu ún. Ajá fi eyín fà á tu. Orin dákẹ́, Àgbọ̀nrín sì mí kanlẹ̀.

Ìparí ọ̀rọ̀ mi ni pé ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan rí kò tó àwárí-àrùn, àfi bí wọ́n bá kó o pọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ààlà: bí èémí bá ti já, àwárí lè pé, kò ní jí òkú.